Bí Ìgbéyàwó Bá Gbé Yín Dé Etíkun Salvador

Látìgbà tí a ti dé láti ibi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Salvador, lórílẹ̀-èdè Brazil, àwọn èèyàn ò jẹ́ n gbádùn: "Kí lẹ rí lọ́hùn-ún? Tó bá kan tiwa ńkọ́, ibo ni ká lọ?" Ìdáhùn mi rèé. Ìgbéyàwó fúnra rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, létí òkun. Ó dùn, ó tán. Ọjọ́ mẹ́wàá la lò níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án yòókù lọ̀rọ̀ wà, torí ẹni tó bá rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, tó wá lọ jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì tó ń wo omi láti ojú fèrèsé, owó ọkọ̀ rẹ̀ ti wọgbó.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti ẹrù. Aṣọ ẹbí ò ṣe é gbàgbé, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ni kí ẹ kó jù. Ní Salvador, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Oxalá, ìyẹn Òrìṣàńlá wa, funfun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ lọ́jọ́ náà, àtẹni tó ń bọ òrìṣà àtẹni tí kì í bọ ọ́: awakọ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ìyá alákàrà. Mo dúró lójú títì, mò ń kà wọ́n, inú mi ń dùn. Láti December dé March ni ooru ibẹ̀ máa ń mú jù, nítorí náà kí aṣọ yín fẹ́lẹ́. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa. Ẹni tó bá pe ilé ní aago mẹ́wàá alẹ́ ibẹ̀, aago méjì òru ló ń jí wọn o.

Tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, etíkun Porto da Barra ni kí ẹ kó wọn lọ. Kì í ṣe agbami ló kọjú sí, inú ọ̀sà ńlá tí wọ́n ń pè ní Baía de Todos os Santos ni, omi ibẹ̀ sì rọ̀. Ìwọ̀ oòrùn ló dojú kọ. Bí ọjọ́ bá rọ̀, ẹ ó rí oòrùn bó ṣe ń wọ̀ sínú omi, àwọn èèyàn á sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún oòrùn rí, àmọ́ òun náà pa á. Ní àwọn etíkun tó kọjú sí agbami, ìgbì ibẹ̀ le. Ẹni tí ò bá mọ̀wẹ̀ kó má ṣe àṣejù. Góòlù ọrùn, ẹ fi sílé.

Oúnjẹ tó dára jù, ojú títì ló wà. Àkàrà ni! Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́, "àkàrà jẹ". Ẹ̀wà tí wọ́n bó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi àlùbọ́sà sí, tí wọ́n dín nínú epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê. Tiwọn tóbi bí ìkúùkù. Wọ́n á là á lágbede méjì, wọ́n á ki vatapá sí i, ìyẹn búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti omi àgbọn tí wọ́n fi epo rò pọ̀, wọ́n á fi ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru sí i, àti edé gbígbẹ. Tí ìyá alákàrà bá bi yín pé "quente?", ìyẹn ṣé gbígbóná ni, kì í ṣe ti iná ló ń wí, ata ló ń béèrè. Abará tí ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀lẹ̀ ni, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi pọ́n ọn. Acaçá, ẹ̀kọ ni. Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã, ló ni àkàrà lọ́dọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi ń wé gèlè, tí wọ́n ń wọ aṣọ funfun tó gbòòrò, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Ní 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Mo rántí ìyá àgbà wa tó fi àkàrà dídín tọ́ ọmọ dàgbà. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ tirẹ̀ síbì kankan.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bá àwọn òbí ìyàwó sọ ọ́ kí ìgbéyàwó bọ́ sí nǹkan bí ìparí oṣù Kíní, kí ẹ lè dúró de ọjọ́ 2 oṣù Kejì ní Rio Vermelho. Ọjọ́ Yemọja nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1920, ẹja wọ́n àwọn apẹja àdúgbò náà, wọ́n gbé ẹ̀bùn lọ fún un lójú òkun, ó sì dọdún títí dòní. Láti kùtùkùtù ni èèyàn á ti tò sẹ́yìn Casa de Iemanjá, ilé kékeré tó wà lẹ́bàá òkun, òdòdó lọ́wọ́ tibí, lọ́fínńdà, dígí àti òòyà lọ́wọ́ tọ̀hún, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n ńláńlá. Tó bá di ọ̀sán, àwọn apẹja á kó àwọn agbọ̀n náà sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gbé e lọ sójú agbami. Àwọn olórìṣà ibẹ̀ fúnra wọn ti ń bẹ àwọn èèyàn lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí pé kí wọ́n má ju ike àti ìgò sómi mọ́. Òdòdó ni kí ẹ mú dání, kí ẹ sì tú ọ̀rá rẹ̀ kúrò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa mirí. Ilé Yemọja ni ilé wa, Ìbarà la ti wá, odò Ògùn la sì mọ̀ mọ́ ọn; Olókun ló ni òkun. Kí a tó kúrò nílé ni wọ́n ti ń jà á láàárín ara wọn pé àwọn ará Bahia ti da ọ̀rọ̀ rú. Èmi ò rí ohun tó dàrú níbẹ̀. Odò Ògùn, ọ̀sà Èkó ló ń ṣàn sí, ọ̀sà sì ń wọ òkun. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ kò fojú kan odò yẹn mọ́ láéláé. Omi tó gbé wọn lọ ló kù tí wọ́n ń rí. Nígbà tí mo gbọ́ tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń kígbe "Odoyá!" létí òkun, "Odò ìyá" ni mo gbọ́. Odò ni wọ́n ṣì ń pè é, lójú òkun.

Bí wọ́n bá ti fẹ́ fún Yemọja ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a kọ́kọ́ gbé ti Ọ̀ṣun lọ sí Dique do Tororó, adágún omi tó wà láàárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù Fonte Nova. Ère òrìṣà mẹ́jọ dúró lójú omi yẹn, Tati Moreno ló ṣe wọ́n ní 1998. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́. Ní Terreiro de Jesus, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Museu Afro-Brasileiro wà níbẹ̀, òrìṣà 27 tí Carybé gbẹ́ sára igi. Wákàtí kan tó o, tí ẹsẹ̀ ò bá dun àwọn àgbà yín.

Ó wá ku ilé òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní terreiro. Casa Branca làwọn èèyàn mọ̀ jù. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà, ẹni tó bá sì mọ ààfin Ọ̀yọ́ á mọ̀ pé Ìyá Nasò ni oyè ìyá tó ń tọ́jú Ṣàngó ọba. Ní 1984 ni ìjọba Brazil gbà pé kí ilé náà wà lára ohun tí òfin ń dáàbò bò, òun sì ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Opó Àfọ̀njá wà ní São Gonçalo do Retiro. Ìyá Aninha ló dá a sílẹ̀ ní 1910. Ìyá Stella, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, tó ṣe ìyálórìṣà ibẹ̀ títí tó fi papò dà ní 2018, kọ ìwé tó pọ̀ débi pé ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Bahia gbà á wọlé ní 2013. Wọ́n ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kan nínú ọgbà yẹn. Ilé Ohun Láíláí lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ má kàn já wọ ilé wọn torí pé ẹ gbọ́ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó bá yín béèrè ọjọ́ tí àlejò lè wá. Ẹ má wọ dúdú, ẹ má wọ ṣòkòtò péńpé. Lọ́pọ̀ ilé, ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin ń jókòó, ọ̀tọ̀ lobìnrin. Ẹ̀yin yóò gbọ́ orin tí ẹ mọ̀, ohùn rẹ̀ á ti yí díẹ̀. Ẹ má tún un ṣe fún wọn. Nígbà tí wọ́n kígbe "Kaô Kabiesilê" fún Ṣàngó, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ bó ṣe yẹ ká pè é. Mo fọwọ́ tọ́ ọ.

Fóònù ńkọ́? Ẹ pa á, kó wà nínú àpò. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa bínú, ó ní ṣebí inú wa dùn, ṣebí ọ̀kan ni wá, kí ló burú nínú kéèyàn fi àwòrán han àwọn ará ilé? Mo mú un lọ sí Abaeté lọ́jọ́ kejì. Adágún omi dúdú ni, láàárín iyanrìn funfun, ní Itapuã, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú. Àwọn àlejò ìgbéyàwó a máa lọ yàwòrán níbẹ̀. Ère ìyálórìṣà kan wà níbẹ̀, Ìyá Gilda, tó ni ilé Abassá de Ogum ní àdúgbò yẹn. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ kan gbé àwòrán rẹ̀ jáde láìtọrọ, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i pé oníjìbìtì ni irú wọn. Àwọn èèyàn wá ká a mọ́lé, wọ́n bú u, wọ́n ba ohun òrìṣà rẹ̀ jẹ́. Ara ìyá náà ò yá mọ́ látìgbà náà. Ọjọ́ 21 oṣù Kíní ọdún 2000 ló kú. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2007 ló sọ ọjọ́ yẹn di ọjọ́ tí gbogbo Brazil ń gbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn. Wọ́n sì ti ba ère rẹ̀ náà jẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó bu omi díẹ̀ sílẹ̀ níwájú ère náà, a sì padà.

Ẹ̀bùn ni ẹ ó tún máa béèrè. Obì àti orógbó ló máa ń wá sọ́kàn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́hùn-ún gan-an, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ́bodè wọn ò fẹ́ kéèyàn gbé èso àti ewé wọlé bó ṣe wù ú. Ẹ wádìí dáadáa kí ẹ tó dì í sẹ́rù. Aṣọ ni ò ní wàhálà. Àdìrẹ Ìtòkú tí a kó lọ, ọwọ́ àwọn ìyá ilé ìyàwó ló tán sí, àwọn tí kò rí gbà ń bi wá ìgbà tí a tún ń bọ̀. Mo ti ní kí wọ́n bá mi pa mẹ́fà mìíràn láró. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá ń lọ fún ọdún tó ń bọ̀, kó yà sí ọ̀dọ̀ mi kó gbà á lọ fún wọn.