Ìdòwú Ní Òun Kò Jẹ

Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé tí ó ń jẹ ohun gbogbo tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi yìí. Èmi náà ti wà nípò yẹn rí. Àwọn ìbejì mi kì í yan oúnjẹ. Ẹ gbé àmàlà wá, wọ́n á jẹ. Ẹ gbé ẹ̀wà àná wá, wọ́n á jẹ, wọ́n á tún lá abọ́. Mo ti ń pe ara mi ní baba tó mọ ọmọ tọ́. Ìgbà tí Ìdòwú dé ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ó pé ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ lọ́dún 2024. Ohun tí ó ń jẹ nígbà náà kò ju mẹ́rin lọ: búrẹ́dì (inú rẹ̀ nìkan o, kì í jẹ èèpo), ìrẹsì funfun, dòdò àti bísíkíìtì. Bí ọbẹ̀ bá ta sí ẹyọ ìrẹsì kan ṣoṣo, abọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀fọ́? Ẹ má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Yóò pa ẹnu dé, yóò kọjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n wá sin lówó.

Àwọn ará ilé ní kò ya àwọn lẹ́nu, wọ́n ní ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìbejì wáyé, olóríkunkun ni. Ìyẹn ṣeé fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan ládùúgbò wa ní Òkè-Àdó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, tí ó sì sọ fún ìyàwó mi pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí nǹkan o? Ọmọ yìí mà rù," n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ sì rántí bí ọjà ṣe rí lọ́dún yẹn. Gaàrí, ìrẹsì, iṣu, gbogbo wọn ló gbówó lérí. Èmi tí mò ń fi gègé jẹun, owó oṣù méjì ni n kò tíì rí gbà. Mo ra ẹyin mẹ́ta nísàlẹ̀ ilé wa. N kò fún àwọn ìbejì, n kò sì jẹ níbẹ̀, torí Ìdòwú ni. Ìyàwó mi sè é, ó bó o, ó gé e wẹ́wẹ́. Ọmọ wò ó. Ó fi ọwọ́ gbá a, ó di ilẹ̀.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò dùn ún kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rọ ọmọ. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe igbá sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i. Bí ọmọ bá ti ń ké, tí ó ń wá èémí, á gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ èmi náà. Mo ní kí ìyàwó mi po ògì wá. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kó sinmi ná." Mo ní ṣé òun ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ?

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé e mì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, igbe náà dá wáí. Ẹnu là, ohùn kò jáde. Ojú rẹ̀ ń yí, ètè rẹ̀ ń dúdú. Ìyàwó mi já a gbà lọ́wọ́ mi, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí itan, ó ń gbá a lẹ́yìn. N kò mọ iye ìgbà. Mo kàn rí i pé ògì gba imú jáde, ọmọ sì ké. N kò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó nu ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó bọ́ síta. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ. Mo jókòó ti ẹyin tó wà nílẹ̀, mo ń bi ara mi pé, ta gan-an ni mò ń bínú sí? Ṣé ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni, àbí ẹni tó jẹ mí lówó oṣù?

A gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, torí ògì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ó ní ó mọ́. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wá gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 11 ààbọ̀. Ó wo káàdì rẹ̀, ó ní díẹ̀díẹ̀ ni ilà rẹ̀ ń gòkè, ṣùgbọ́n ó ń gòkè. Ó ní ọmọ tí wọ́n bí ní kílò 3 sábà máa ń tó kílò 9 bí ó bá pé ọdún kan, ṣùgbọ́n lọ́dún kejì, bíi kílò 2 ààbọ̀ péré ló ń fi kún un. "Dádì, ara rẹ̀ ò bèèrè púpọ̀ mọ́ bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ̀yin lẹ̀ ń bù ú pọ̀ jù." Bí ó bá ń rù sí i, tí ó ń bì, tàbí tí oúnjẹ ń há a lọ́fun ṣáá, ó ní ìyẹn di ti dókítà. Ó wá bèèrè ohun tó ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Ìyàwó mi wò mí, èmi wo ilẹ̀. Mílíìkì ife mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́. Bísíkíìtì tí mò ń rà bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Mínírà tí àwọn ìbejì ń fún un mu. Níbo ni ebi fẹ́ gbà wọlé?

A dín mílíìkì kù, mo sì dẹ́kun bísíkíìtì. Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní le púpọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí n tó padà. Orí ẹní kan náà ni gbogbo wa wá ń jókòó jẹun. A ń bu ṣíbí méjì péré fún un, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé "jẹun." Bí kò bá jẹ, a ó gbé e kúrò, kò síjà. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ tuntun lè dé iwájú ọmọ nígbà mẹ́wàá, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tó tọ́ ọ wò. Èmi akọ̀ròyìn, mo ń kọ ti mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ lára kàlẹ́ńdà. Ó kọ̀ ọ́ nígbà mọ́kànlá.

Lẹ́ẹ̀kejìlá, àwọn ìbejì ń jà lórí èyí tó tóbi, n kò sì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ kékeré kan wọ inú abọ́ mi. Ó bù ú, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ pariwo. Ìyàwó mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ gidi, mo pa ẹnu mọ́.

Títí di òní, kì í jẹ ẹ̀fọ́ tí ó bá fojú rí. Ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ ẹyin, funfun rẹ̀ nìkan. Èmi ni mò ń jẹ pupa.