Àmì Ohùn Lára Ògiri

Nígbà tí ẹ̀ka wa kọ́kọ́ rí owó ra ẹ̀rọ tí ń gbé ìwé sára ògiri, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí pírójẹ́kítọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n yàn án. Mo wo iye owó, mo wo bí ó ti fúyẹ́ tó, mo sì fọwọ́ sí i.

Ní ìparí sáà yẹn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ó na ìwé ìdánwò rẹ̀ sí mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, bí mo ṣe rí i lára ògiri ni mo ṣe kọ ọ́."

'Ọkọ', 'ọkọ́', 'ọkọ̀' àti 'ọ̀kọ̀' ni mo kọ́ wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sọ di 'oko', bí ẹni pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ń kọ́ wọn. Òdo ni mo fún un. Mo tan ẹ̀rọ náà, mo sì lọ jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Oòrùn ọ̀sán tí ń gba ojú fèrèsé wọlé ti pa àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ rẹ́. Àmì tí a ti ń bá yí láti ìgbà ìpàdé Èkó ní 1875! Mo dá máàkì rẹ̀ padà fún un, ṣùgbọ́n àwọn tí kò wá sọ́dọ̀ mi ńkọ́?

Nígbà tí a fẹ́ ra òmíràn, òdòdó àti omi tí ń ṣàn ni ọlọ́jà fi hàn wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ó gbé ojú ìwé Yorùbá kan síbẹ̀, kí a sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ó ní ó yẹ kí iyàrá ṣókùnkùn. Nínú ooru yìí, ta ni yóò jókòó kọ̀wé nínú òkùnkùn? Lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà: 2,000 lè tó fún iyàrá tó ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n iyàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní ṣíṣí ń fẹ́ ju 3,000 lọ. Èyí tí ń ya àwòrán ní 1920 lọ́nà 1080 sì fi ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀ ju ti 800 lọ́nà 600 lọ ní iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀. Níbi tí ẹyọ bá ti ṣọ̀wọ́n, àmì abẹ́ 'ẹ' ni yóò kọ́kọ́ sọnù. Ti iná ọba tún wà níbẹ̀. Bí ó bá lọ lójijì, fáànù inú ẹ̀rọ yóò dúró kí gílóòbù tó tutù, ìyẹn sì ń gé ẹ̀mí gílóòbù kúrú.

Èyí tí àmì rẹ̀ hàn dé ẹ̀yìn wọ́n gan-an. Owó tí alága fẹ́ fi ra méjì kò ra ju ẹyọ kan lọ, inú rẹ̀ kò sì dùn sí mi. Ṣọ́ọ̀kì ni a ṣì ń lò ní iyàrá kejì. Mo máa ń fa àmì ohùn gùn níbẹ̀ bí ìka ọwọ́, n ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ẹ̀yìn bí wọ́n bá rí i.