Sìn Mí Dé Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sìn, ni Yorùbá fi ń sọ pé a ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, pé a tẹ̀ lé àlejò dé ọ̀nà, àti pé a lọ bá onígbèsè gba owó wa. Ó wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí olùkọ́ yunifásítì kan ń ṣàlàyé fún àwọn àgbà àdúgbò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun fẹ́ wá sin ìlú. Bàbá kan mi orí. Ó jọ pé ó ń rò ó pé èwo ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

*

Ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ayé àtijọ́ àti ìrànwọ́ Rockefeller Foundation, gbé ètò ìlera ìgbèríko rẹ̀ lọ sí Ìbàràpá, tí wọ́n fi Igbó-Ọrà ṣe ibùdó. Láti ìgbà náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníṣègùn ti ń di ẹrù wọn lọ gbé àárín ìlú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọsibítù ńlá, aláìsàn ló ń wá bá dókítà. Níbẹ̀, dókítà ọ̀la ló ń kan ilẹ̀kùn onílé, tí yóò dúró títí wọn yóò fi ní kó wọlé.

*

Àwọn tó ń kọ́ wọn pọ̀ ju àwọn tó ń gba owó oṣù lọ. Ìyá àgbà tó ń ṣàlàyé àgbo tí wọ́n ń fún ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, olùkọ́ ni. Ẹni tó ń ṣe ògbufọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá, olùkọ́ ni (àti fún ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Èkó, tí kò mọ̀ pé inú rírun yàtọ̀ sí inú kíkùn). Nígbà tí wọ́n bá ń fún ọmọ ní máàkì, kò sẹ́ni tó ń bi àwọn olùkọ́ yìí. Bó bá jẹ́ èmi ni, mà á ya máàkì mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún ìyá yẹn: ṣé ọmọ yìí kí wa kó tó yọ ìwé jáde?

*

Ọ̀rọ̀ sòbìà ní Ìdèrè, ní Ìbàràpá kan náà, ni mo máa ń padà sí. Aràn náà á lo bí ọdún kan nínú ara kó tó yọjú, lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń ta bí iná lèèyàn á kì bọ omi adágún kó lè tutù. Ibẹ̀ ni aràn á tú àwọn ọmọ rẹ̀ sí, kòkòrò omi tíntìntín á gbé wọn mì, ẹlòmíràn á sì pọn omi náà mu. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Aṣọ ìsẹ́mi, tí a fi ń sẹ́ omi mímu, wà lára ohun tó kù. Àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn mọ irú aṣọ tí ihò rẹ̀ kéré tó, àwọn télọ̀ ìlú rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ará abúlé fúnra wọn yàn gbé e kiri.

Wọ́n tà á ni o, wọn kò fi tọrẹ. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó fowó ra aṣọ ìsẹ́mi lè wá bá ọ jà lọ́jọ́ tó bá ya, ìjà yẹn náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n kànga àti omi ẹ̀rọ kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí télọ̀. Ti ìjọba nìyẹn, aṣọ kankan kò sì lè gbà á lọ́rùn wọn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí wọ́n kà pé wọ́n ní sòbìà ní Nàìjíríà ju 650,000 lọ. Ní 2008 la rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán. Wọ́n dárúkọ àwọn àjọ, wọ́n dárúkọ àwọn dókítà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ télọ̀ kan.

*

Gbogbo ẹni tó bá dé Igbó-Ọrà ló ń bèèrè ìbejì. Dókítà Nylander kà wọ́n láyé àtijọ́, ó rí bíi 45 sí 50 ìbejì nínú ìbímọ 1,000. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n dé, tí ẹnu gbogbo ayé wá ń wọ́ tuurutu lórí ọbẹ̀ ìlasa, tí wọ́n ní òun ló ń fa ìbejì. Ìlú ti mọ ìdáhùn kí ẹ̀yin àlejò tó la ẹnu. Ó yẹ kí àwọn ará ìlú náà lè bèèrè: èyí tí ẹ kọ lọ́jọ́sí dà?

*

Mo rí ìwé àdéhùn kan láàárín ilé-ẹ̀kọ́ kan àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì ni látòkè délẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé, ẹ ò ní tàn wá." Ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

*

Ní gáréèjì, lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ oníṣègùn ń lọ, ìyá kan sin akẹ́kọ̀ọ́ kan débẹ̀ tòun ti àpò gàrí. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní, "Dókítà ọmọ mi, ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ? Sọ fún un kó yà sọ́dọ̀ mi o, ẹsẹ̀ yìí ṣì ń dùn mí."