Ọ̀yọ́ ni Kí O Kọ

Kubwa, Àbújá

Àjàní ọmọ mi,

Mo ti ka ohun tí o kọ nípa fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba yẹn. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan mọ ẹni tó lè bá ọ ṣe ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ Àbújá, torí pé àwọn tó ń du ipò lórúkọ Ọ̀yọ́ ti pọ̀ jù. O ní irọ́ kọ́, ṣebí Garki ni ìyá rẹ bí ọ sí. N kò fọwọ́ sí i.

"Indigene" tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a: ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ kan. Àwọn òyìnbó fúnra wọn kì í sábà lò ó; àwa la sọ ọ́ di ará ilé. Tó bá jẹ́ ti Látìn, o jàre. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kì í béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ti gbẹ̀bí ẹni. Abala 318 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní kí ọ̀kan nínú òbí ẹni, tàbí nínú àwọn òbí àgbà, jẹ́ ọmọ àwùjọ tó ni ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀yọ́ Aláàfin ni bàbá mi ti wá, Ṣakí ni bàbá ìyá rẹ. Ìwọ náà wá mọ ibi tó kàn ọ́.

Ètò "federal character", tó ń pín ipò ìjọba láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí lágbára. Murtala Muhammed ló mẹ́nu bà á ní 1975 níwájú ìgbìmọ̀ Rótìmí Williams tó ń kọ òfin. Ó wọ òfin ìpìlẹ̀ 1979, wọ́n sì dá àjọ tó ń mójú tó o sílẹ̀ ní 1996. Kí ẹ̀yà kan má baà jókòó lé gbogbo ipò ni. Èrò náà dára lójú mi. Irú ìwé tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ ṣe yìí ló ń bà á jẹ́.

Ta ló wá ni Àbújá? Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, Yorùbá bíi tiwa, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó yan ibí láti di olú ìlú. Wọ́n ní èrò ibẹ̀ kò pọ̀, òfin sì jáde ní February 3, 1976. Ṣùgbọ́n àwọn Gbagyi, Koro, Gade àti Bassa ń gbé níbẹ̀. Abúlé Maitama wà kí Maitama olówó tó dé. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ wá sí Kubwa níbí. Títí dòní, àwọn ìyá Gbagyi ń gba iwájú géètì wa kọjá láàárọ̀, igi ìdáná lórí èjìká, torí wọn kì í ru ẹrù sórí. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn lè ti gba irú fọ́ọ̀mù tìrẹ. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ti lọ, kí o tún wá gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́?

Mo mọ̀ pé ìgbà ọdún nìkan lo ń dé Ọ̀yọ́. Kò dáa kí ẹni tó dàgbà sí ìlú kan ṣì máa jẹ́ àlejò níbẹ̀. Ó yẹ kí òfin ka iye ọdún tí èèyàn ti gbé ibì kan sí. Ẹ lọ bá àwọn aṣòfin jà lórí ìyẹn, n ó tẹ̀ lé yín.

Ní báyìí ná, lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà kí o gba ìwé tìrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi yóò bá ọ lọ. Má fún ẹnikẹ́ni lówó o.

Bàbá rẹ