Sí Àbúrò Mi Tó Ń Kọ́ Iṣẹ́ Ìròyìn, Lórí Áàpù Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe Fáwọn Àgbẹ̀ Ṣakí

Ìṣẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

  Ìyá wa ní kí n sọ fún ọ pé láfún tí o béèrè ti gbẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ ń bọ̀ ní Ìbàdàn ni yóò bá ọ gbé e wá.

Mo ka àlàyé tí o fi ránṣẹ́ nípa iṣẹ́ tí olùkọ́ yín gbé fún yín, pé kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣe áàpù tí yóò máa sọ iye tí irè oko ń lọ lọ́jà, fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan lágbègbè Ṣakí. Inú mi dùn gidigidi. Nígbà tèmi, olùkọ́ nìkan ló ń ka iṣẹ́ àṣekágbá wa, máàkì ló sì ń fún wa. Tiyín ti ní ẹni tó ń dúró dè é. Àgbẹ̀ tó bá kó àgbàdo sọ́kọ̀ nítorí iye tí ẹ kọ, tó dé ọjà tí kò bá a bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ, ọjọ́ rẹ̀ náà ti lọ. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi gùn.

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyẹn, pé kò kan akọ̀ròyìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni irinṣẹ́ àti ìròyìn ti jọ ń rìn nílẹ̀ wa. Kí míṣọ́nnárì Henry Townsend tó gbé ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn jáde l'Ábẹ́òkúta lọ́jọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, ó ti gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbẹ̀ láti 1854, ó sì ti ń fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan. Ẹni tó bá sì ka owó ẹyọ sílẹ̀ fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lóòótọ́.

Ó rí bẹ́ẹ̀ lókè òkun náà. Ní Yunifásítì Northwestern l'Amẹ́ríkà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn àti ti kọ̀ǹpútà jọ ṣe ohun kan ní 2009 tí wọ́n pè ní StatsMonkey. Bí wọ́n bá ti kó àmì ayò baseball sínú rẹ̀, yóò kọ ìròyìn ìdíje náà fúnra rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Narrative Science ti jáde. Yunifásítì yẹn kan náà ni TimelineJS ti wá ní 2012, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn káàkiri ayé fi ń to ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀ léra. Ohun tó wù mí nínú TimelineJS ni pé ẹni tó fẹ́ lò ó kò ní í kọ kọ́ọ̀dù kankan. Google Sheets lásán ni yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, tó ti mọ̀ ọ́n lò tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe é ti wo ohun tó wà lọ́wọ́ akọ̀ròyìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nílé wa níbí, Olúṣeun Onígbìndé àti ẹnìkejì rẹ̀ dá BudgIT sílẹ̀ l'Ékòó ní 2011, wọ́n ń sọ ìwé ìnáwó ìjọba di àwòrán tí ará ọjà lè wò kó yé e. Ní 2014 wọ́n mú Tracka jáde, kí aráàlú lè máa tọpa iṣẹ́ tí ìjọba ní òun ń ṣe ládùúgbò wọn. Tracka kì í ṣe áàpù nìkan o. Àwọn ènìyàn wà tó ń lọ dúró níwájú kànga ẹ̀rọ tí wọ́n kọ sínú ìwé, tí wọ́n ń wò ó bóyá omi ń yọ níbẹ̀.

Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá nínú iṣẹ́ tiyín. Àwòrán ojú áàpù tí o fi hàn mí rẹwà, mo sì rí ibi tí ẹ kọ “Àgbàdo, kóńgò kan” sí. Kóńgò wo? Kóńgò tí alágbàtà gbé wá sóko kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó ń tà nígboro. Ẹni tó ń rà a máa lu ìdí rẹ̀ jáde kó lè gbà sí i, ẹni tó ń tà a máa lù ú wọnú. Ẹlòmíràn a bù ú kún dé orí, ẹlòmíràn a fọwọ́ gé e. Àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ya lóṣù Keje ṣì lómi lára, kò yẹ kó wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú èyí tó ti gbẹ. Bí ẹ bá kọ iye kan ṣoṣo sílẹ̀, iye yẹn lè tọ̀nà níbi tí ẹ ti gbọ́ ọ, kó sì ṣi àgbẹ̀ lọ́nà níbòmíràn.

Nítorí náà, ẹ gbé òṣùwọ̀n dání. Ẹ wọn ohun tí kóńgò ọjà kọ̀ọ̀kan ń gbà ní kílò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà, ẹ bi ẹni tó ń rà, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí iye tó kéré jù àti èyí tó ga jù hàn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ gbà á, torí pé ọjà ọrọọrún ni púpọ̀ nínú ọjà wa, ohun tó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ ọjà lè má jẹ́ òótọ́ mọ́ kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé. Yunifásítì LAUTECH ní ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí ní Ìṣẹ́yìn. Ẹ yà síbẹ̀, kí wọ́n kọ́ yín bí a ṣe ń mọ bí omi ṣe pọ̀ tó lára àgbàdo. StatsMonkey lè kọ ìròyìn láti inú nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kò lè yí ìdí kóńgò wò.

Èyí tó le jù ni ohun tí akọ̀wé ẹgbẹ́ náà béèrè lọ́wọ́ yín, pé kìkì iye tí ẹgbẹ́ bá fọwọ́ sí ni kí ó máa hàn, kí alágbàtà má baà rí èyí tó kéré, kó fi máa já owó wọn wálẹ̀. Ó yé mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí alágbàtà ti ń rẹ́ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn jẹ, bó bá jẹ́ èmi ni mo dáko, bóyá èmi náà yóò béèrè bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má gbà. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún yín lè yan àwọ̀, ó lè yan èdè, ó lè sọ irè oko tó yẹ kó wà níbẹ̀. Iye tí ẹ bá lọ́jà kì í ṣe tirẹ̀ láti yàn. Bí alágbàtà bá fi lè mọ̀ lẹ́ẹ̀kan pé iye ẹgbẹ́ lẹ ń gbé jáde, kò sẹ́ni tí yóò gba áàpù yín gbọ́ mọ́, àwọn àgbẹ̀ gan-an ni yóò sì kọ́kọ́ pa á tì. Ẹ fi ibi méjì hàn: iye tí ẹ fẹsẹ̀ ara yín wá rí, àti iye tí ẹgbẹ́ ń béèrè, kí ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ìkejì yìí ketekete. Ẹ sọ ọ́ fún wọn nísinsìnyí, ẹ fi sínú ìwé àdéhùn. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ náà padà, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé máàkì wà níbẹ̀.

Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn àgbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kó sójútáyé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àmọ́ ká tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ta ogójì àpò lánàá kò ní í lè fọkàn balẹ̀ rin ọ̀nà oko rẹ̀ lóde òní. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ ni kí oníbàárà máa pè.

Púpọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ náà, fóònù olótọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń lọ tí o bá ti kúrò nígboro díẹ̀. Nígbà tí wàhálà ìdìbò dé ní Kenya, tí wọ́n ṣe ìkànnì Ushahidi ní 2008, aráàlú lè fi tẹ́ẹ̀sì lásán sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ jẹ́ kí tiyín náà lè fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá fún WhatsApp àwọn olórí ẹgbẹ́, kí ẹ sì bá àwọn oníléeṣẹ́ rédíò sọ̀rọ̀, wọ́n lè máa kà á láàárọ̀ ọjọ́ ọjà.

Ó ku ohun tí ẹ kò kọ sínú àlàyé yín rárá: lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba máàkì yín, ta ni yóò máa bójú tó o? Ta ni yóò máa san owó ìkànnì náà lọ́dọọdún? Ọwọ́ ta ni páswọ́ọ̀dù yóò wà? Ta ni yóò máa gbé òṣùwọ̀n lọ sọ́jà, ta ni yóò sì máa fún un lówó ọkọ̀ àti dátà? Ó yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kan wà tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ́ tó mọ ọjà, tó lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni n'Íbàdàn.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ gba ọ̀nà Mọ́níyà, ẹ sùn sọ́dọ̀ wa, kí a jọ gbéra lọ sí Ṣakí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kúrò ní Ìbàdàn, ẹ ní kí ẹgbẹ́ yan ọ̀dọ́ yẹn, kí o sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ kó jókòó tì yín láti ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọnú ọjà.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.