Tanápoṣó Ẹ̀gbẹ́ Àmù

Ní agbo ilé púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, òdòdó kan wà tí kì í bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jí. Nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, tí àwọn òdòdó mìíràn sì ń fi ẹwà wọn yangàn, ńṣe ni tirẹ̀ máa ń pa ẹnu dé bí ẹni tí ó bá ará ilé jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti darí dé, tí àwọn ìyá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀ràn ọbẹ̀ alẹ́, yóò là gbàgàdà, yóò sì máa ta sánsán títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Tanápoṣó ni à ń pè é. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ orúkọ náà yóò gbọ́ 'tan iná' nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti rí òdòdó náà rí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú kò tún ní bèèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá àgbà kan ní ìlú Ọ̀yọ́ ní ọ̀kan nínú àgbàlá rẹ̀, láàárín àmù àti ògiri balùwẹ̀. Kì í ṣe pé ó dá ọgbà fún un. Omi tí a fi ṣan àwo, omi tí a fi fọ ẹsẹ̀, omi tí ó bá kù sínú igbá, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń lọ, òdòdó náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ó ya ẹ̀ka yíká. Oríkèé ẹ̀ka rẹ̀ wú bí orúnkún, ewé rẹ̀ a sì máa yọ ní méjì-méjì, wọn a kọjú sí ara wọn. Àwọ̀ òdòdó rẹ̀ kì í ṣe pupa, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe funfun: ó rí bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í lò ju òru kan lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán tí oòrùn sì mú, yóò ká kò, yóò sì rọ. Ṣùgbọ́n èyí tí yóò là ní ìrọ̀lẹ́ ti wà ní sẹpẹ́ lórí ẹ̀ka. Nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ a gbẹ dé ilẹ̀, àlejò a sì rò pé ó ti kú. Kò kú. Ó ti kó ara rẹ̀ pamọ́ sínú gbòǹgbò tí ó wú bí iṣu nísàlẹ̀ ilẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò tún yọ orí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe kí ìyá náà tó bí àbíkẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń ṣe nígbà tí àbíkẹ́yìn ọ̀hún ti di tíṣà ní Ìbàdàn, tí irun orí rẹ̀ sì ti ń funfun.

Ní ọdún 2009, tíṣà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ilé ara rẹ̀. Iwájú ilé náà ṣófo, ilẹ̀ rẹ̀ pọ́n kankan, kò sì dùn ún wò. Nígbà tí ó lọ kí ìyá rẹ̀, ó ṣa kóró tanápoṣó, ó sì dì í sínú bébà. Kóró náà dúdú, ó hunjọ, ó fi díẹ̀ tóbi ju iyèré lọ. Bí a bá fọ́ ọ, ohun funfun bí ìyẹ̀fun ni a ó bá nínú rẹ̀. Ìyá náà kò dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi kóró náà sí ẹnu, nítorí pé àti kóró àti gbòǹgbò rẹ̀ ni ó máa ń da inú rú, tí í sì í mú ènìyàn bì. Òtítọ́ pọ́nńbélé ni ìkìlọ̀ yìí, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbìn ín mọ̀ ọ́n.

Tíṣà gbin kóró náà sí ibi tí oòrùn ti ń tàn dáadáa, kò jìn ju oríkèé ìka kan lọ, ó sì fi àyè ẹsẹ̀ bàtà méjì-méjì sí àárín wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi hù. Mẹ́tàlá ni ó yè. Ìtọ́jú tí ó ṣe fún wọn kò ju pé kí ó bomi rin wọ́n nígbà tí òjò bá dá, kí ó sì lé ewúrẹ́ aládùúgbò. Òdòdó tí kò yọ ni lẹ́nu ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí èkínní kọ́kọ́ là, ẹnu ya tíṣà. Pupa fòò ni. Ní ọjọ́ kẹta, òmíràn là, ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Nígbà tí gbogbo wọn là tán, mẹ́rin ni ó pupa, mẹ́ta ni ó funfun, mẹ́fà péré ni ó sì jọ ti ìyá rẹ̀. Inú bí i. Ó gbé tẹlifóònù, ó pe Ọ̀yọ́.

"Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó da kóró mìíràn mọ́ tiyín?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Kò sí ẹni tí ó dà á, Tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń ṣe. Pupa àti funfun a máa yọ lábẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi ni mo máa ń fi ọkọ́ ro wọ́n dànù. Pupa le jù fún ojú alẹ́. Funfun sì ń jọ aṣọ òkú lójú mi. Èyí tí ó wà láàárín ni mo fẹ́." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àti pé iṣu rẹ̀ ni màámi wú fún mi nígbà tí mo ń lọ sí ilé ọkọ, kì í ṣe kóró. Kóró a máa ṣe bí ó ti wù ú. Bí o bá fẹ́ èyí gan-an, wá wú nínú iṣu rẹ̀."

Tíṣà ní òun yóò wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn ún. Pupa, àárín, funfun. Ìdá kan, ìdá méjì, ìdá kan. Ó ti ju ogún ọdún lọ tí ó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun kan náà sí ara pátákó níwájú àwọn ọmọ kíláàsì bàálọ́jì. Orúkọ tí ìwé fún òdòdó inú ẹ̀kọ́ náà ni Mirabilis jalapa, tàbí òdòdó agogo mẹ́rin ní èdè Òyìnbó. Ọkàn tíṣà sì ti gbà, láti ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti wà ní àga akẹ́kọ̀ọ́, pé nǹkan òkèèrè ni, bí yìnyín ilẹ̀ òtútù àti èso ápù. Òdòdó tí ó ń fi ṣọ́ọ̀kì yà sí ara pátákó ni ó ti ń tọ̀ sí lára ní kékeré!

Ará Jámánì kan, Carl Correns, wà lára àwọn tí ó tún iṣẹ́ Mendel gbé síta ní ọdún 1900, lẹ́yìn tí ayé ti gbàgbé rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Correns fi òdòdó yìí ṣe ìwádìí. Bí a bá mú tanápoṣó pupa tí àtọwọ́dọ́wọ́ rẹ̀ pupa lójú méjèèjì, tí a sì fi ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ pa èyí tí ó funfun lára, àwọn ọmọ wọn kò ní pupa, wọn kò sì ní funfun. Àwọ̀ àárín ni gbogbo wọn yóò ní. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba ohun àjogúnbá kan lọ́wọ́ baba, ó sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá, kò sì sí èyí tí ó borí ìkejì. Ṣùgbọ́n ohun méjèèjì kò pòórá. Nígbà tí ó bá kan èyí tí ó ní àwọ̀ àárín láti bímọ fúnra rẹ̀, wọn yóò tún pínyà: bí a bá ka ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan yóò pupa, ọ̀kan yóò funfun, méjì yóò sì jọ òbí wọn. Tanápoṣó sì lè bímọ fúnra rẹ̀ láìsí wàhálà, nítorí pé nígbà tí òdòdó bá ń ká kò ní òwúrọ̀, akọ àti abo inú rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ ara wọn. Mẹ́tàlá kò ṣe é pín sí ọ̀nà mẹ́rin lọ́gbọọgba, ṣùgbọ́n mẹ́rin, mẹ́fà àti mẹ́ta kò jìnnà sí i rárá. Ọkọ́ ìyá àgbà ni kò jẹ́ kí tíṣà rí ìṣirò náà láti kékeré.

Correns yìí kan náà ni ó ṣe ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 1909, lórí irú tanápoṣó tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun. Ó rí i pé bí ewé ọmọ yóò bá tutù tàbí yóò funfun, ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni ó ti wá. Ohunkóhun tí ìbáà jẹ́ àwọ̀ ewé baba, kò kan ọmọ. Àwọ̀ òdòdó ni wọ́n jọ ń dá. Tíṣà mọ èyí náà tẹ́lẹ̀, ó ti kọ́ àwọn ọmọ, ó sì ti fi ṣe ìbéèrè ìdánwò.

Ìrìn-àjò òdòdó náà pàápàá kò kéré. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà níhà ibi tí ooru ti ń mú ni orírun rẹ̀. Nígbà tí Linnaeus sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1753, ohun ìyanu ni ó pè é ní èdè Látìnì, ó sì fi orúkọ ìlú kan ní Mẹ́síkò kún un. Títí di òní, ohun ìyanu náà ni wọ́n ń pè é ní Bùràsíìlì àti ní Kúbà. Àwọn tiwa fún un ní orúkọ tí ó bá ìṣe rẹ̀ mu. Lójú àwọn kan, orúkọ tiwa ni ó dára jù.

Àwọn ọmọ tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a jókòó sí àkàsọ̀ iwájú ilé láti ṣọ́ àfòpiná ńlá kan tí í máa wá. Kì í bà lé òdòdó. Ńṣe ni ó máa ń dúró ní òfuurufú, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí ojú kò sì lè kà á, tí yóò wá na ẹnu gígùn bí okùn òwú sínú ihò òdòdó, tí yóò sì mu omi dídùn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò kọjá sí òmíràn, pupa tàbí funfun, kò ṣà.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, tíṣà kò lọ. Ìdánwò ni, ìpàdé ni, owó ọkọ̀ ni. Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ kò jìnnà, ibi tí kò jìnnà ni a sì máa ń sún síwájú. Ní ọdún 2010, nígbà òjò, ẹsẹ̀ ìyá náà yọ̀ nínú ẹrẹ̀ àgbàlá, ó sì ṣubú; láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ó jáde láyé.

Ní oṣù kẹta ọdún 2012, tí ìrántí ọdún kan kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é pé àwọn yóò da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo àgbàlá. Bíríkìlà yóò bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òdòdó Màámi ńkọ́?"

"Òdòdó wo? Kò sí òdòdó kankan níbẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó gbé Màámi ṣubú ni ó wà níbẹ̀." Ìbínú wà nínú ohùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́. Òun ni ó gbé ìyá wọn nílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Tíṣà wà ní Ìbàdàn.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni tíṣà dé Ọ̀yọ́. Òjò kò tíì rọ̀. Ilẹ̀ àgbàlá mọ́ fẹ́ẹ́, a ti gbá a, a ti gbé àmù kúrò, yanrìn àti òkúta sì ti dé. Kò sí ẹ̀ka kan tí ó lè júwe ibi tí òdòdó náà wà. Ó dúró níwájú ògiri balùwẹ̀, ó gbìyànjú láti rántí ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí bí ó bá ń da omi àwo nù, ó gbẹ́ ibẹ̀, kò rí nǹkan. Ó tún ibòmíràn gbẹ́, òkúta ni. Nígbà tí ó yá, ó fi ọkọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì tan iná tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò kó kóró dúdú wẹ́wẹ́ inú erùpẹ̀ tán. Ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ó ń tọ̀ wọ́n bí ẹni tí ń tọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, títí ó fi dé ibi tí wọ́n pọ̀ sí jù. Ibẹ̀ ni ó gbẹ́.

Iṣu náà tóbi tó ewùrà ńlá, ó dúdú lára, ó sì wọlẹ̀ jìnnà. Bí ó ti ń fi ọwọ́ tú erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó dúró, ó ń wò ó. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó pẹ́, ó lọ mú àdá wá, ó sì bá a gé gbòǹgbò tí ó há sábẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri. Ìdí iṣu náà ṣẹ́ sínú ilẹ̀. Èyí tí ó tú jáde, wọ́n fi àpò ìrẹsì dì í.

Ní Ìbàdàn, tíṣà fi eérú pa ojú ibi tí ó ṣẹ́, bí a ti ń ṣe fún ẹbù iṣu, ó fi í sí abẹ́ ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta kí ojú rẹ̀ lè gbẹ, ó sì gbìn ín, ó kọ orí rẹ̀ sókè. Kò bomi rin ín púpọ̀. Omi àpọ̀jù ni í máa sọ irú iṣu bẹ́ẹ̀ di jíjẹrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó má ṣe gbẹ́ ẹ wò, ó gbẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lẹ́yìn òjò kan tí ó fi gbogbo òru rọ̀, ẹnu rẹ̀ mẹ́ta yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù keje, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òdòdó rẹ̀ là. Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun ni. Tíṣà gbé àga jáde, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá.

Ní ìgbà òjò ọdún 2013, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti Ọ̀yọ́. Ó ní nǹkan kan ti hù ní ibi tí sìmẹ́ǹtì ti pàdé ògiri balùwẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fà á tu, ṣùgbọ́n òun ní kí òun kọ́kọ́ bi í léèrè.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fà á. Ṣé ó ti ní òdòdó?"

"Ó ní èso òdòdó tí kò tíì là."

"Kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

"Agogo méjì ọ̀sán ni a wà yìí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Jẹ́ kí ó di mẹ́rin ná."