Nígbà tí Ẹmọ́ Ilé Dákẹ́

Ẹmọ́ ilé kì í jẹ́ kí ènìyàn gbé koríko wọlé kó má kí i. Bó bá ti gbọ́ ìró ọ̀rá lásán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nìyẹn, fíì, fíì, bí ọmọdé tí eyín òkè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ohùn yẹn ló ń jí wa láràárọ̀ n'Ìbàdàn, láti ọjọ́ tí àkọ́bí mi ti gbé méjì wálé nínú páálí bisikíìtì, akọ kan, abo kan. Músù, ológbò wa, ò tíì ju ọmọ oṣù méjì lọ nígbà náà. Mo ní kí wọ́n jọ dàgbà. Orí àkísà kan náà ni wọ́n ń sùn lọ́sàn-án, Músù á gbé orí lé ẹ̀yìn abo, àwọn ará àdúgbò á wá ya fọ́tò wọn. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí, a kì í fi iná sórí òrùlé sùn o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Inú Músù dára."

Inú Músù dára lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà, torí ìwà rere ológbò ni mo fi ṣe ààbò ẹmọ́.

Oyún ẹmọ́ ilé máa ń lé ní oṣù méjì, ọmọ rẹ̀ kì í sì í wáyé ní ìhòòhò bíi ti èkúté. Ojú rẹ̀ á ti là, irun á ti bò ó, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú á ti máa sáré. Mẹ́ta ni abo bí. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin, iná lọ, mo wọ yàrá lọ wá tọ́ọ̀ṣì. Mo ń padà bọ̀ ni mo gbọ́ tí ohun kékeré kan sáré gba abẹ́ àga kọjá, lẹ́yìn náà, igbe kan ṣoṣo. Nígbà tí mo tanná síbẹ̀, Músù ti fi ọwọ́ tẹ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. Mò ń pe orúkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́.

Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú egbò kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ kò kún orí èékánná. Mo nù ún, mo ní orí ló kó o yọ. Lọ́jọ́ kejì ó kú sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ mi.

Dókítà ẹran tí a padà lọ bá ló là mí lóye. Eyín ológbò rí ṣóńṣó, ó ń ti kòkòrò àrùn wọ inú ara lọ jìnnà, awọ á sì padé lórí rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló yẹ ká ti gbé e wá. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ pé díẹ̀ ló kù kí n tú kápúsù ampicillin sómi fún un, dókítà di orí mú. Ampicillin àti àwọn oògùn ẹbí penicillin, bí ẹmọ́ ilé bá gbé e mì, ń ba inú rẹ̀ jẹ́ débi tó fi lè pa á. Bẹ́ẹ̀, ilé wo ni kápúsù yẹn ò sí?

Mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ní 1930, Zing-Yang Kuo, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣèwádìí ìwà ẹranko, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ológbò àti eku. Ó dá ọmọ ológbò 20 tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, 9 nínú wọn pa eku. Ó tọ́ 18 pọ̀ mọ́ eku, 3 péré ló pa, irú eku mìíràn ni wọ́n sì pa, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n jọ dàgbà. Ìgbà náà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àga wa tó yé mi. Músù mọ ìyá, ó mọ bàbá. Àlejò kékeré tó ń sáré nínú òkùnkùn ni ọmọ yẹn lójú tirẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò ológbò tó sùn ti eku lè máa wo 15 tó kù. Èmi, ojú mi kò kúrò lára 3 yẹn.

Mo ní kí káfíńtà kan àgò tuntun. Wáyà adìyẹ tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ihò rẹ̀ gba ọwọ́ ológbò wọlé dáadáa, nítorí náà wáyà líle tí ìka mi kò lè gba inú rẹ̀ kọjá la fi ṣe é, a sì ṣe ibi tó ṣókùnkùn kan sí inú rẹ̀ tí wọ́n lè sá sí. A gbé e sí pálọ̀. Músù á lọ jókòó sórí rẹ̀, á ká ìrù, kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rò pé ó parí.

Súfèé dákẹ́. Mo gbọn ọ̀rá, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ewé ọ̀dùnkún tí wọ́n máa ń jà lé lórí rọ sílẹ̀ níwájú wọn, wọ́n dúró láìmira sí igun, imú nìkan ló ń mì. Kò sí egbò lára wọn, síbẹ̀ ẹ̀rù Músù tó ń jókòó lókè orí wọn ń ṣe wọ́n léṣe. Ẹmọ́ tí kò jẹun fún odidi ọjọ́ kan ti ń sún mọ́ ikú, torí ìfun rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá iṣẹ́ dúró. Ara rẹ̀ kò sì lè ṣe fítámì C fúnra rẹ̀, inú ewé tútù ojoojúmọ́ ló ti ń rí i.

Ọjọ́ náà gan-an la kó ẹrù kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn, a gbé àgò lọ síbẹ̀. Músù kì í wọ ibẹ̀. Mo ń fọ ọwọ́ mi kí n tó wọlé, mi ò ró aṣọ tí Músù bá sùn lé wọ ibẹ̀. Òun náà ní tirẹ̀: tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ọmọ mi á fi okùn so ìyẹ́ adìyẹ, Músù á máa lé e kiri títí yóò fi máa mí hẹlẹ, lẹ́yìn náà a ó fún un lẹ́ja. Mi ò lù ú rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kò jẹ mí ní gbèsè kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo gbé koríko wá, mo rọra fún ọ̀rá náà lẹ́ẹ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Abo ló kọ́kọ́ súfèé, akọ gbè é, àwọn ọmọ méjì tó kù da ohùn tín-ín-rín tiwọn pọ̀ mọ́ ọn. Músù, tó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, na etí méjèèjì sí ọ̀dọ̀ ilẹ̀kùn. Mo ti ilẹ̀kùn náà.